Adágún ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìnkùlé: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Èrèlé títí dé Agẹmọ

Ilẹ̀ iṣẹ́: ẹ̀yìnkùlé kan n'Íbàdàn, mítà 12 ní gígùn, mítà 8 ní ìbú. Ilẹ̀ pupa tó dì ni. Igi máńgòrò kan wà ní igun ìwọ̀-oòrùn, ebè ẹ̀fọ́ mẹ́fà wà láàárín. Ohun tí a fẹ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré á fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, tí wọ́n á dúró, tí wọ́n á máa fi kòkòrò inú ebè ṣe oúnjẹ, tí wọ́n á sì yé ẹyin. A kò ra ọ̀kankan, a kò sì kó ọ̀kankan láti odò wá.

Kí orúkọ má bàa dàrú: ọ̀pọ̀lọ́ ni èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Orí ilẹ̀ ló ń gbé, ìgbà tó bá fẹ́ yé ẹyin ló ń wá omi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín ilé wa ni Sclerophrys regularis. Àkèré ni ara rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, etí omi ló ń jókòó sí, bí o bá fi máa rí i ó ti bẹ́ sómi. Kọ̀ǹkọ̀ ni èyí tó tóbi nínú wọn, Hoplobatrachus occipitalis, èyí tí àwọn tó ń jẹ àkèré fẹ́ràn jù. Àdúgbò kan sí èkejì máa ń pààrọ̀ àwọn orúkọ yìí, ṣùgbọ́n bí a ṣe lò wọ́n níbí nìyẹn.

Etí omi ni iṣẹ́ yìí ti le. Inú omi rọrùn, kòtò lásán ni. Ọ̀pọ̀ adágún tí ọ̀pọ̀lọ́ ń kú sí, omi rẹ̀ dára, etí rẹ̀ ló burú.

Èrèlé, ọ̀sẹ̀ kejì. Ibi tí kòtò máa wà

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ tí òjò ti lu kì í jẹ́ kí etí kòtò dúró. Ó sì yẹ kí omi ti jókòó sínú rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ibi tí a yàn ń rí oòrùn láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjìlá, lẹ́yìn náà òjìji máńgòrò á bò ó. Ó fi mítà 4 jìnnà sí ìdí igi. Abẹ́ igi gan-an kò dáa: ewé á máa já sínú omi, á jẹrà, omi á dúdú bí omi àgbo, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán, ọmọ á kú sínú ẹyin.

Ó fi mítà 8 jìnnà sí fèrèsé yàrá, mítà 7 sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ariwo ni ìdí kìíní. Akọ ló ń ké, tí wọ́n bá di mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ òjò, àfi kí ẹ ti fèrèsé. Ìdí kejì ni ejò. Kò sí ọgbọ́n tó lè pe ọ̀pọ̀lọ́ tí kò lè pe ejò. Ẹni tó bá ní ó wà ń tàn yín ni. Àwọn ejò kéékèèké kan wà (Causus) tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ni oúnjẹ wọn, wọ́n sì lóró. Nítorí náà, ìdí omi nìkan la jẹ́ kí igbó wà. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà jẹ́ ilẹ̀ gbígbá, mítà 1 ní ìbú, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ẹni tó bá sì ń lọ wo àkèré lálẹ́ gbọ́dọ̀ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.

Omi ìfọṣọ ilé kejì ń gba igun gúúsù kọjá, a sì sá fún igun yẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi, awọ abẹ́ ikùn ló fi ń fà á. Ọṣẹ, bílíìsì, iyọ̀ tàbí oògùn apakoríko tó bá wà nínú omi, inú ara rẹ̀ ló ń bọ́ sí tààrà. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni a kò ti fín oògùn kankan sí ebè mọ́. Ọwọ́ la fi ń tu koríko.

Ohun èlò

- Tapólì tó nípọn, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ fi ń ṣe adágún, mítà 4 sí mítà 3. Ìṣirò rẹ̀: gígùn 2, ká fi ìlọ́po méjì jíjìn (0.7) kún un, ká fi etí tí a máa bò mọ́lẹ̀ (0.6) kún un, ó di 3.3. Ìbú: 1.2, 0.7 àti 0.6, ó di 2.5.
- Iyanrìn tí a ti jọ̀, báárò 2
- Yangí, báárò 3, àtèyí tó tó orí ọmọdé àtèyí tó tó ẹ̀kúnwọ́
- Àpò ìdọ̀họ 4 (èyí tí wọ́n fi ń di kòkó)
- Irin 10 mm àti wáyà tí wọ́n fi ń di irin
- Páìpù ínṣì 2, mítà 1.5, fún omi àkúnya
- Rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀, mítà 6
- Àmù fífọ́ 1, ìkòkò amọ̀ kékeré 3

Sìmẹ́ǹtì kọ́ la lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni bíríkìlà kọ́kọ́ dábàá. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń tú ẹfun sínú omi, omi á wá mú bí eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ẹyin kò ní yè nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ti sìmẹ́ǹtì nílẹ̀, kó rọ omi kún un, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kó dà á nù, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó fi bébà ìwọ̀n pH tí àwọn oníṣòwò ẹja ń lò wò ó. Bí ó bá ju 8.5 lọ, kó tún un ṣe.

Èrèlé, ọ̀sẹ̀ kẹta. Gbígbẹ́

Ìrísí rẹ̀ dà bí ẹyin: mítà 2 ní gígùn, mítà 1.2 níbi tó fẹ̀ jù. Ibi tó jìn jù jẹ́ sẹ̀ntímítà 35, ṣùgbọ́n 40 la gbẹ́, torí sẹ̀ntímítà 5 iyanrìn máa wà lábẹ́ tapólì. Ìhà ìlà-oòrùn dagẹ̀rẹ́: bí o bá rin sẹ̀ntímítà 3, ó jìn ní 1, títí dé ìsàlẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí nìkan gba sẹ̀ntímítà 105, ó ju ìdajì adágún lọ, gbogbo ẹni tó yà síbẹ̀ ló sì ń sọ pé a ń fi àyè ṣòfò. Ìhà kejì ní pèpéle kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 25, tó jìn ní 10, níbi tí ìkòkò ewéko máa jókòó sí.

Gbòǹgbò máńgòrò kan là á já. A gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, a fi iyanrìn bò ó. Bí ẹ bá fi ẹnu gbòǹgbò sílẹ̀ ṣóńṣó, omi á fi ìwúwo rẹ̀ ti tapólì mọ́ ọn, á lu. Omi lítà 300 kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Èrèlé, ọ̀sẹ̀ kẹrin. Omi àkọ́kọ́, àṣìṣe àkọ́kọ́

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, méjìlá, ló kún un. Omi kànga ni. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba, kó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú agbada gbalasa fún ọjọ́ méjì kí kiloríìnì tó fò lọ. Omi òrùlé dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò bíi mẹ́ta kọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù.

Bí omi ṣe ń kún ni àṣìṣe yọjú: ìhà àríwá fi sẹ̀ntímítà 4 ga ju gúúsù lọ. Ojú la fi wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni pé ní gúúsù omi ti ń ṣàn síta, ní àríwá tapólì ṣì wà ní ìhòòhò, ó ga, ó dúró gbagidi bí ògiri. A fa omi kúrò, a fi rọ́bà funfun ṣe é bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe: omi kún rọ́bà, a di orí kan mú létí gúúsù, a gbé èkejì yí adágún ká, a fi èèkàn sàmì sí ibi tí omi bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ọjọ́ ló gbà wá láti gé àríwá wálẹ̀. Ká ní a kọ́kọ́ lo rọ́bà ni, ogún ìṣẹ́jú ni.

Páìpù àkúnya wà ní gúúsù, ó lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé dí ẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ọmọ á bá omi òjò lọ.

Torí àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé, a fi irin 10 mm hun àwọ̀n, ojú rẹ̀ sẹ̀ntímítà 10, a tẹ́ ẹ sábẹ́ omi ní sẹ̀ntímítà 3. Ọ̀pọ̀lọ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọmọ tó bá ṣubú kò ní rì dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ tó wà lórí àwọ̀n náà ṣì léwu fún un. Omi sẹ̀ntímítà 35 tó láti pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kò sí àwáwí lórí èyí.

Ẹrẹ́nà, ọ̀sẹ̀ kejì. Yíyọ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti bo tapólì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi sùúrù gbẹ́ di ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dúró. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó wọlé lálẹ́ fi ẹsẹ̀ ha á títí, ó ń rọ́ padà. A tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé e láti sẹ̀ntímítà 20 lókè omi títí dé ìsàlẹ̀, a wá to yangí lé àpò, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Yangí ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ihò ara rẹ̀ gba èékánná, ó ń mu omi sára, bí oòrùn bá mú kì í gbóná bí òkúta dúdú tí wọ́n ń fọ́ tà fún onílé.

Àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń di ìrẹsì kò ṣeé lò níbí. Oòrùn máa ń tú u sí fọ́nrán, fọ́nrán á wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ àkèré, ó ti di páńpẹ́. Ìdọ̀họ á jẹrà ní tirẹ̀ láàárín ọdún kan, ẹ kàn pààrọ̀ rẹ̀.

Ewéko

Òwe ní ojú-oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Nínú adágún kékeré, òṣíbàtà la gbà láyè, a lé ojú-oró. Irú ẹ̀fọn kan, Mansonia, máa ń lẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ojú-oró, inú gbòǹgbò náà ló ti ń mí, kì í wá sókè omi rárá. Kò sí bí ẹ ṣe máa rí i bù. Òṣíbàtà kan, nínú ìkòkò amọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 25, ti tó: kò gbọ́dọ̀ bo ju ìdajì omi lọ.

Létí omi: tètèrègún mẹ́ta, kókò méjì, ewé eéran ní ìhà tí òjìji pọ̀ sí. Ewé wọn ń tẹ̀ sórí omi, ibẹ̀ ni àwọn àkèré kéékèèké (Hyperolius) máa ń lẹ̀ mọ́. Wọn kò tó ìka méjì ní gígùn, ohùn wọn sì ju ara wọn lọ.

Ilé ọ̀pọ̀lọ́

A la àmù fífọ́ sí méjì, a da ìdajì kan délẹ̀, a rì í sẹ̀ntímítà 10. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 10, ó ga ní 7, ó kọjú sí àríwá. Inú rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ líle. A wú u, a po iyanrìn àti ewé gbígbẹ mọ́ ọn ní jíjìn sẹ̀ntímítà 10, torí ọ̀pọ̀lọ́ á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa ara rẹ̀ wọlẹ̀, títí ojú rẹ̀ nìkan á fi kù lókè. A kọ́kọ́ fi àpáàdì méjì ṣe irú rẹ̀ lẹ́bàá ebè tẹ̀tẹ̀, lórí ilẹ̀ tó dì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì tí a wú ilẹ̀ rẹ̀, onílé dé.

Àwo pẹrẹsẹ kan tó jìn ní sẹ̀ntímítà 3 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkúta kan láàárín. Àárọ̀ àárọ̀ la ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè fún adágún, kó ṣe àmù àti àwo yìí nìkan, ó tó fún ọ̀pọ̀lọ́ méjì.

Ẹ̀fọn

Ohun tí aládùúgbò máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé kì í ṣe ilé ẹ̀fọn lẹ ń kọ́. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún wọn, pé ọ̀pọ̀lọ́ á jẹ ẹ̀fọn tán, kò rí bẹ́ẹ̀. Èèrà, ikán, ìrẹ̀, aáyán àti ọ̀kùn ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ. Ẹ̀fọn kò kún un lẹ́nu. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nínú omi, ohun aláwọ̀ ewé ara òkúta ló ń há jẹ.

Nínú ooru tiwa, láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò lè má ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń fi kọ́ọ̀bù funfun bu omi níbi mẹ́wàá, létí àti láàárín ewé, a ń ka tanwíji. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta Ẹrẹ́nà, kọ́ọ̀bù mẹ́wàá mú tanwíji 41. Omi dúró jẹ́ẹ́, lámilámi kò tíì dé. A gbé ẹ̀rọ afami kékeré tó ń lo sólà sí i láti máa ru ojú omi, iye wọn já sí 9. Ó kù sí abẹ́ ewé kókò, ibi tí ìrugùdù omi kò dé. Ibẹ̀ la da Bti sí, ìyẹn bakitéríà tí wọ́n ń tà bí ìyẹ̀fun, tó ń pa tanwíji tí kò sì pa ọmọ àkèré bí ẹ bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Èbìbí, ọmọ lámilámi ti pọ̀ nísàlẹ̀, kọ́ọ̀bù mẹ́wàá kì í mú ju méjì lọ.

Ẹ̀rọ yẹn ní ẹ̀bi tirẹ̀: ó ń fa ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ra. A fi fóòmù tí wọ́n fi ń fọ abọ́, tuntun tí kò tíì kan ọṣẹ, wé ẹnu rẹ̀, a sì ń fún un nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ má fi ẹja sí i. Àrọ̀ àti epìyà á jẹ tanwíji lóòótọ́, wọ́n á jẹ ẹyin àti ọmọ àkèré mọ́ ọn. Kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí àwọn kan ń dà sójú omi ń pa gbogbo ohun tó bá ń mí níbẹ̀.

Igbe, ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹyin

Òjò ńlá rọ̀ lálẹ́, èsúnsún jáde, gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ àdúgbò yó. Akọ mẹ́rin ń ké kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Akọ máa ń gun abo lẹ́yìn, á di abíyá rẹ̀ mú, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ títí ẹyin á fi jáde. Nígbà mìíràn akọ méjì tàbí mẹ́ta á gun abo kan. Níbi tí omi jìn tí etí dúró gbagidi, abo náà á rì. Tiwa gbé gbogbo wọn sẹ́yìn, ó gun yangí jáde.

Láàárọ̀, okùn méjì wé mọ́ ìdí tètèrègún, ó rí kedere bí ògì tí kò dì, ẹyin dúdú jókòó sínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ má fọwọ́ tú u. Ọjọ́ kẹta, ìlẹ̀kẹ̀ ti gùn, ó ń mì. Ọjọ́ karùn-ún, òkúta dúdú fún ọmọ.

Ẹ má ju búrẹ́dì sí wọn, omi á kan. Nígbà tí ohun aláwọ̀ ewé tán lára òkúta ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé tẹ̀tẹ̀ kan tí a bọ̀ la ń fi sí i, a sì ń yọ ìyókù kúrò lọ́jọ́ kejì.

Èbìbí, ọ̀sẹ̀ kẹrin. Jíjáde

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yọ, ti iwájú tẹ̀ lé e, ìrù wá ń wọlé. Ọjọ́ díẹ̀ yìí ló ń pa wọ́n jù. Ẹnu ń yí padà, wọn kì í jẹun, atẹ́gùn òkè ni wọ́n ti ń mí, wọn kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Èyí tí kò bá rí ibi tẹ̀ á rì sínú omi tí wọ́n bí i sí. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a ka ju igba lọ láàárọ̀ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ìrù ṣì wà lẹ́yìn àwọn kan bí òwú. Ní ìhà pèpéle, níbi tí kò sí yangí, òkú mọ́kàndínlógún. A to yangí síbẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ so adìyẹ mọ́lẹ̀, ẹ má gbálẹ̀ ìdí omi, ẹ má gé koríko.

Òkúdù. Àlejò

Kọ̀ǹkọ̀ kan dé. Ọmọ kọ̀ǹkọ̀ yàtọ̀: ẹran ló ń jẹ, tanwíji, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, títí kan ọmọ ìyá rẹ̀. Kọ́ọ̀bù mẹ́wàá kò mú tanwíji kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ìgbà kejì kò mú ọmọ púpọ̀ jáde. A fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ àwọn méjèèjì, kó gbẹ́ kòtò kejì tó jìn ní sẹ̀ntímítà 10 lásán sí ibòmíràn. Má gbé kọ̀ǹkọ̀ lọ sí odò mìíràn o: àrùn olú kan wà tó ń ba awọ àkèré jẹ́ (Batrachochytrium), omi àti àkèré tí ènìyàn ń gbé kiri ló fi ń rìn.

Ajá gé ọ̀pọ̀lọ́ jẹ, ìfófòó bo ẹnu rẹ̀. Oje funfun tó wà nínú kókó ẹ̀yìn etí ọ̀pọ̀lọ́ ló fà á. Ẹ fi omi ṣan ẹnu ajá láti ẹ̀gbẹ́ síta, ẹ má rọ ọ́ sọ́nà ọ̀fun, bí ó bá sì ń gbọ̀n, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ènìyàn tó bá fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́ kó fọ ọwọ́ kó tó nu ojú. Èèwo kò ní sú u.

Àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ wá mú ọ̀pọ̀lọ́ fún iṣẹ́ bàọ́lọ́jì. Àwa náà jókòó pẹ̀lú wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, lórí àpótí tó fi mítà 2 jìnnà sí omi, ọ̀rá pupa bo ẹnu tọ́ọ̀ṣì kí àkèré má bàa sá. Wọ́n rí akọ tó ń ké, ọ̀fun rẹ̀ wú bí bàlúù. Wọn kò bá ọ̀pọ̀lọ́ lọ lọ́jọ́ yẹn.

Agẹmọ. Gọ́tà

Iṣẹ́ tó kù kò sí nínú ọgbà. Gọ́tà iwájú ilé jìn ní sẹ̀ntímítà 60, ògiri rẹ̀ dúró gbagidi, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́jọ la bá níbẹ̀ lẹ́yìn òjò kan, mẹ́ta ti kú. Pákó kan tó gùn ní sẹ̀ntímítà 120, tó fẹ̀ ní 15, a fi ìdọ̀họ wé e, a fi ìṣó kàn án láti abẹ́ kí orí ìṣó má bàa gún wọn, a gbé orí rẹ̀ lé etí gọ́tà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì jíjìn gọ́tà, ìyẹn ló jẹ́ kó dagẹ̀rẹ́ tó. Òkúta kan tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àgbàrá má gbé e lọ. Ọ̀kan wà báyìí ní gbogbo mítà 5.